Géèmù Ọ̀fẹ́ Tó Ń Gbówó: Ohun Tó Yẹ Kí Àwa Òbí Mọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣòwò ní Kano, Jos, Kaduna, Port Harcourt àti ìlú àjò gbogbo ló jẹ́ pé fóònù kan ṣoṣo la fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Òun la fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, òun la fi ń san owó ẹgbẹ́, òun la fi ń fowó ránṣẹ́ sílé. Tí ọjà bá tún gbóná, òun náà la máa ń nà sí ọmọ pé kó lọ máa fi ṣeré. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ bí géèmù tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ ṣe ń rówó, torí pé inú àpò ẹnì kan lowó náà ti ń jáde.

Nígbà tí géèmù ṣì wà nínú káséètì àti CD, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn máa ń sanwó. Ẹni tí kò lágbára àtirà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù, á san owó eré kan, á gbá a, á dìde. Lọ́dún 2006, ilé iṣẹ́ Bethesda ní Amẹ́ríkà ta ìhámọ́ra ẹṣin nínú géèmù wọn tó ń jẹ́ Oblivion ní dọ́là 2.50. Ẹṣin inú ẹ̀rọ o! Àwọn tó ń gbá géèmù fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ gidi, síbẹ̀ àwọn èèyàn rà á. Lónìí, Fortnite, Free Fire, Roblox àti Call of Duty: Mobile, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn láti bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀ tó wà nínú wọn lowó wà.

Ọ̀nà mẹ́rin lowó máa ń gbà jáde.

Àkọ́kọ́, wọn kì í jẹ́ kí náírà hàn sí ọmọ. Ẹ máa kọ́kọ́ fi owó gidi ra owó tiwọn: Robux ni ti Roblox, V-Bucks ni ti Fortnite, dáyámọ́ńdì ni ti Free Fire. Tí wọ́n bá ní aṣọ kan jẹ́ dáyámọ́ńdì 300, ọmọ wo ló máa jókòó ṣírò rẹ̀ sí náírà? Díẹ̀ sì sábà máa ń ṣẹ́ kù tí kò tó ra nǹkan kan, ni wọ́n á bá tún ra òmíràn kún un.

Èkejì, àìnísùúrù wa ni wọ́n fi ń ṣòwò. Ẹ̀mí márùn-ún ni Candy Crush máa ń fúnni. Tó bá tán, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹyọ kan tó padà, àbí kẹ́ ẹ sanwó.

Ẹ̀kẹta ni aṣọ àti ẹ̀ṣọ́. Aṣọ yẹn ò ní kí ọmọ mọ eré gbá. Ṣùgbọ́n ní Fortnite, "default" ni wọ́n ń pe ẹni tí kò fowó ra aṣọ kankan, ọ̀rọ̀ náà sì ti di èébú láàárín àwọn ọmọdé. Àwa tá a mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó wá sóde láìwọ aṣọ ẹbí, ó yẹ kí ìyẹn yé wa dáadáa.

Ẹ̀kẹrin ló burú jù: àpótí tí wọ́n dì pa. Ẹ sanwó ná, kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ EA ti ní Ultimate Team nínú géèmù bọ́ọ̀lù wọn. Ẹ lè máa wá Mbappé, kó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tẹ́nì kan ò mọ̀ ló máa jáde. Ẹni tó bá fa tọ́ńbólà rí lẹ́nu géètì iléèwé mọ eré yìí. Lójú tiwa, kàlòkàlò ni.

Àwọn kan lè sọ pé àwa náà máa ń ra bélì òkìrìkà láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló ń ra bélì, ó mọ ẹni tó tà á fún òun, aṣọ tó burú jù nínú rẹ̀ á ṣì mú nǹkan wá. Ẹ̀bùn inú géèmù ò rí bẹ́ẹ̀. Tí géèmù bọ́ọ̀lù EA ti ọdún tuntun bá dé, agbábọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ fowó kó jọ lọ́dún tó kọjá ò ní bá yín débẹ̀.

Ìjọba àwọn ìlú kan ti dá sí i. Lọ́dún 2018, àjọ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ ní Belgium sọ pé tẹ́tẹ́ ni irú àpótí yìí. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2019, EA dáwọ́ títa owó géèmù bọ́ọ̀lù wọn dúró níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, àjọ FTC ní Amẹ́ríkà kéde pé Epic Games tó ni Fortnite máa san mílíọ̀nù 520 dọ́là, tí mílíọ̀nù 245 nínú rẹ̀ sì wà fún dídá owó oníbàárà padà. Ẹ̀sùn wọn ni pé bí wọ́n ṣe to bọ́tìnì ń mú kéèyàn ṣèèṣì rajà, àti pé ọmọdé ń ná owó láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Nílùú tiwa, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí lọ́tìrì àti eré oríire. Ìyẹn ni pé òfin ibi tá à ń gbé ló kàn wá. Ṣùgbọ́n òfin kankan ò ní bá wa ṣọ́ fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù.

A ò sọ pé kẹ́ ẹ gba géèmù lọ́wọ́ ọmọ o. Ọmọ tó wà ní Sókótó lè bá ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn gbá a pọ̀, kí wọ́n sì máa fi Yorùbá bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èrè ńlá nìyẹn fún ọmọ tá a bí sílùú àjò. Àwọn tó ṣe géèmù náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ọjà tí wọ́n ń tà fún ọmọdé jẹ́ ọjà tó rí kó tó sanwó.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe rèé:

Ẹ má fi káàdì àkáǹtì ọjà yín sínú Google Play. Tó bá ti wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Ẹ lọ sí Settings nínú Google Play, kẹ́ ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa béèrè páásíwọ́ọ̀dù nígbàkígbà tẹ́nì kan bá fẹ́ rajà. Tí ọmọ bá ní fóònù tiẹ̀, áàpù Google Family Link ò gbówó, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀yin fọwọ́ sí i kó tó rà.

Tí owó bá ti lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ẹ béèrè rẹ̀ padà lórí Google Play kó tó pé wákàtí 48.

Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ kó má ra dáyámọ́ńdì lọ́wọ́ àjèjì lórí WhatsApp, kó má sì fún ẹnikẹ́ni ní OTP.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún un lówó géèmù, ẹ dá iye rẹ̀ lóṣooṣù, ní náírà, kó mọ̀ pé tó bá tán, ó tán.

Ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́ wa, tiyín tún lé kan. Fóònù tí owó ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dọ́wọ́ ọmọdé rárá. Owó ìrànlọ́wọ́ ìsìnkú àti ti àìsàn wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bá àwọn ìyá àti bàbá tí kò mọ̀ ọ́n ṣètò fóònù wọn. Ìfura loògùn àgbà.