Èdè Faransé: Bí ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ ṣe lè la ọmọ lóhùn

Ẹni tó bá gba Àgbádárìgì kọjá dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni agbára èdè Gẹ̀ẹ́sì pin sí. Béèyàn bá ti sọdá sí orílẹ̀-èdè Benin, Faransé ló wà lára pátákó ojú ọ̀nà, òun ni aṣọ́bodè ń sọ, òun náà ni wọ́n fi ń kọ ìwé ẹrù. Lóòótọ́, Yorùbá wà níbẹ̀, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu àti Ṣábẹ, àmọ́ Faransé làwọn ọmọ Yorùbá ọ̀hún fi ń kàwé. Ìyá oníṣòwò tí kò gbọ́ ju ‘bonjour’ lọ gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò bá a ṣe ògbufọ̀, owó onítọ̀hún yóò sì jáde látinú èrè ọjà.

Kì í ṣe pé ìjọba kò rí ọ̀rọ̀ náà. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀, ìyẹn Benin, Niger, Chad àti Cameroon, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí Faransé kò ti ṣàkóso rí. Lọ́dún 1991 ni wọ́n dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, l’Ágbádárìgì, káwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì tó ń kọ́ èdè náà lè máa gbé níbẹ̀, kí wọ́n sì máa sọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, Ọ̀gágun Sani Abacha, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, kéde pé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ di orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1998 náà pè é ní èdè ìjọba kejì. Àmọ́ nígbà tí ìwé òfin ọdún 1999 ń sọ èdè táwọn aṣòfin l’Ábùjá lè lò, Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nìkan ló dárúkọ.

Ìkéde kò kúkú kọ́ ọmọ lédè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ka ‘je suis, tu es, il est’ bí ẹni ń ka orin, tó sì jẹ́ pé béèyàn bá bi wọ́n ní Faransé pé kí ni wọ́n jẹ láàárọ̀, ẹnu wọn á wọ́lẹ̀. Wọ́n mọ òfin èdè, wọn kò rí èdè sọ.

Ọ̀nà kan wà táwọn olùkọ́ èdè ń lò, tí kò náni ju ìwé ìkọ̀wé kan àti bírò lọ. Kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ yóò ti kọ ọjọ́ òní àti ìbéèrè kan sójú pátákó ní Faransé. Bí ọmọ bá ti wọlé, yóò ṣí ìwé tó yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, yóò sì kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta nípa ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Lẹ́yìn náà, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta yóò dìde ka tiwọn sókè.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ‘Je m’appelle’ àti orúkọ rẹ̀ ti tó, pẹ̀lú ‘J’ai dix ans’, ìyẹn ni pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lòun. Lọ́sẹ̀ kejì, ó lè kọ nípa ojú ọjọ́: ‘Il pleut’ bí òjò bá ń rọ̀, ‘Il fait chaud’ bí ooru bá mú. Kó tó di ìparí táàmù, ó lè kọ pé ‘Hier, j’ai aidé ma mère au marché’, pé òun ran ìyá òun lọ́wọ́ lọ́jà lánàá. Ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀, kó fi Yorùbá dí àlàfo rẹ̀. Ọmọ tó kọ ‘Je mange de l’àmàlà’ kò ṣẹ̀. A ti gbọ́ ohun tó sọ.

Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi bírò pupa fa ojú ìwé ya. Ọmọ tí wọ́n bá fa àṣìṣe mẹ́wàá fún lónìí yóò kọ ìlà kan ṣoṣo lọ́la, kó má baà tún ṣì í. Àṣìṣe kan tó bá pọ̀ jù nínú kíláàsì ni kó mú, kó kọ èyí tó tọ́ sójú pátákó. Bí ọmọ bá jẹ́ àádọ́ta, kó ka ìwé mẹ́wàá lójúmọ́. Ọjọ́ márùn-ún yóò kárí gbogbo wọn. Bí ọmọ bá sì kọ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ilé wọn, kì í ṣe ohun tí à ń kà sétí kíláàsì.

Ọmọ Yorùbá kò bá òfo dé ìdí èdè yìí. Ó ti mọ̀ pé ‘ẹ’ là ń pe àgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘vous’ ṣe rí fún Faransé, tí ‘tu’ sì wà fún ẹgbẹ́ ẹni. Ohùn àránmú kì í ṣe àjèjì sí i, nítorí ó ń pe ‘ọ̀run’ àti ‘ìbọn’ lójoojúmọ́. Ibi tí yóò ti ṣòro ni akọ àti abo. ‘Ó’ kan náà là ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, àmọ́ Faransé ya ‘il’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘elle’, ó sì sọ pé akọ ni ìwé, abo ni tábìlì. Àkọ́sórí ọjọ́ kan kò lè ṣe ìyẹn. Kíkọ lójoojúmọ́ ló ń mú un mọ́ni lára, torí díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn kan á ní ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán, kí ni yóò fi Faransé ṣe? Ọmọ Kétu tó ń sọ Yorùbá nílé, tó ń sọ Faransé ní ilé ìwé, ti dá wọn lóhùn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé olùkọ́ tí Faransé tirẹ̀ kò dán mọ́rán kò lè tọ́ ọmọ sọ́nà, ìwé kíkọ nìkan kò sì lè rọ́pò ọ̀rọ̀ sísọ.

Iṣẹ́ wà fún àwọn ará ilé pàápàá. Bàbá àgbà tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú Faransé lè ní kí ọmọ ka ti òní sí òun létí, kó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Èyí tó bá rí túmọ̀, ó ti di tirẹ̀. Èyí tí kò bá rí túmọ̀, kó gbé e padà lọ bá olùkọ́ lọ́la.