Àpérò, Iṣẹ́ Wíwá àti Ìlú Wíwò: Ohun Tí Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé Lè Rí ní Chicago

Ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ American Library Association, tí wọ́n sì ń gé kúrú sí ALA, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Philadelphia ní ọdún 1876. Lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ ni Melvil Dewey, ẹni tó jẹ́ pé ní ọdún yẹn kan náà ló gbé ètò fífi nọ́ńbà pín ìwé sí ìsọ̀rí jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé káàkiri ayé ṣì ń lò. Oṣù Kẹfà ni ẹgbẹ́ náà sábà máa ń ṣe àpérò ńlá rẹ̀ lọ́dọọdún, ìlú kan sí òmíràn ni ó sì ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n Chicago, níbi tí olú-iléeṣẹ́ ẹgbẹ́ náà wà, ti gbà á lálejò léraléra, bí àpẹẹrẹ ní ọdún 2013, 2017 àti 2023.

Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ló yẹ kó ka àpérò yìí sí jù. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà ló ń béèrè oyè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kejì nínú ẹ̀kọ́ ilé ìkàwé láti ilé-ẹ̀kọ́ tí ALA fọwọ́ sí, nítorí náà ìwé-ẹ̀rí kan náà ni gbogbo àwọn tó ń du iṣẹ́ kan sábà máa ń mú lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ náà fi ń ya ibì kan sọ́tọ̀ níbi àpérò, níbi tí olùwáṣẹ́ ti lè bá àwọn agbanisíṣẹ́ sọ̀rọ̀, tí àwọn àgbà iṣẹ́ sì ń bá a yẹ CV rẹ̀ wò, ìyẹn ìwé tó ṣàkópọ̀ ẹ̀kọ́ àti ìrírí rẹ̀. Yorùbá gbà pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ohun tí lẹ́tà mẹ́wàá kò lè ṣe, ìkíni kan ní gbọ̀ngàn ìpàtẹ lè ṣe é. Gbọ̀ngàn yìí ni àwọn òǹtẹ̀wé àti àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ilé ìkàwé ti ń pàtẹ, tí wọ́n sì ń pín ẹ̀dà ìwé tí kò tíì dé ọjà. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká owó àpérò lódindi lè san owó díẹ̀ láti wọ ibẹ̀ nìkan.

Ìlú wíwò kì í ṣe ìfàkókòṣòfò fún olùwáṣẹ́, nítorí ìtàn iṣẹ́ tó ń wá wà nínú àwọn ilé tí yóò rí. Lẹ́yìn tí iná ńlá jó Chicago ní ọdún 1871, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé tó lé ní 8,000 ta ìlú náà lọ́rẹ, inú àgbá omi onírin gbàràmù-gbaramu kan tí wọn kò lò mọ́ sì ni wọ́n kó ìwé sí nígbà tí ilé ìkàwé ìlú ṣílẹ̀kùn ní ọdún 1873. Ní ọdún 1897, wọ́n kọ́ ilé ìkàwé àgbà tí a mọ̀ sí Chicago Cultural Center lónìí, èyí tí òrùlé ribiti kan nínú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì aláràbarà ti Tiffany, ọ̀fẹ́ sì ni ìwọlé rẹ̀. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1991 ń jẹ́ orúkọ Harold Washington, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di olórí ìlú náà. Ní apá gúúsù ìlú, ilé ìkàwé Carter G. Woodson ni àkójọ ìwé ìtàn aláwọ̀ dúdú wà, èyí tí Vivian Harsh, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ ní ẹ̀ka mìíràn tó di olórí rẹ̀ ní ọdún 1932.

Nígbà tí agbanisíṣẹ́ bá wá béèrè ìdí tí olùwáṣẹ́ fi fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́, ẹni tí kò kúrò ní gbọ̀ngàn yóò sọ ohun tó kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dé Woodson, tó sì rí àwọn tó jókòó ti ìwé níbẹ̀, yóò sọ ohun tí ojú ara rẹ̀ rí.