Ta ló kú lójijì nínú ẹbí yín? Ẹ má fi pamọ́ nítorí ọmọ tó ń sáré

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan tí ẹ lè má fẹ́ràn: bí wọ́n bá bi yín pé ta ló kú lójijì nínú ẹbí yín, ṣé ẹ máa sọ òótọ́?

Ohun tó fà á nìyí. Ẹgbẹ́ aláàánú kan wà ládùúgbò wa, àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ nínú wọn. Wọ́n máa ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á dáwó, wọ́n á fi ṣe ohun tó máa ṣe ìlú láǹfààní. Wọ́n pè mí sí ìpàdé wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ ra jẹ́sì àti bọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó rọ́ àti orúnkún tó bó ni mo múra sílẹ̀ láti sọ.

Àfi bí bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ṣe dìde. Ó ní òun wà ní pápá ìṣeré Súrùlérè ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1989, nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 25 ni, ibẹ̀ ló kú sí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Bàbá náà ní, "Jẹ́sì la fẹ́ rà, ta ló yẹ ohun tó wà lábẹ́ jẹ́sì wò?" Akápò kùn díẹ̀ nítorí owó o, ṣùgbọ́n dókítà ọkàn kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní òun máa ṣe tòun lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ rántí Nwankwo Kanu. Ní 1996, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ní Inter Milan ló fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó padà sórí pápá, ó sì tún gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje Ife Àgbáyé 2010.

Lọ́jọ́ tiwa, orí bẹ́ǹṣì ni àwọn ọmọ dùbúlẹ̀ sí. A lẹ wáyà mẹ́wàá mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń kọ bí ọkàn wọn ṣe ń lù sórí pépà. ECG là ń pè é. Kì í dunni, kì í pẹ́. Ọmọkùnrin kan tó ga bí ọ̀pẹ bi mí bóyá iná kò ní gbé òun. Àwọn ọmọbìnrin fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi ṣe tán.

Àmọ́ fómù tí a fi ránṣẹ́ sílé ló yà mí lẹ́nu. A béèrè níbẹ̀ bóyá ẹnì kan nínú ẹbí kú lójijì kó tó pé ẹni 50 ọdún. "Kò sí" ni gbogbo òbí kọ. Gbogbo wọn! Nílẹ̀ Yorùbá yìí kan náà? Mo mọ ohun tó fà á. Ká tó fẹ́ ọmọ ara wa, a máa ń wádìí ìdílé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé àrùn wà nílé òun. Èyí tí kò bá ṣeé fi pamọ́, a ó ní ayé ló ṣe é.

Màmá àgbà kan tó bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ló fà mí lọ sẹ́yìn kíláàsì. Ọmọ ọdún 16 ni ọmọ náà, eré 400 mítà ló ń sá. Màmá ní, "Nọ́ọ̀sì, bàbá rẹ̀ ló kọ nǹkan yẹn o. Àbúrò bàbá rẹ̀ ṣubú níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún 19 ni. Èmi ni mo bí i." Ó ní ọmọ yìí náà ti dákú lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu eré, wọ́n ní torí pé kò jẹun ni.

ECG rẹ̀ kò dára. Ní ọsibítù, wọ́n fi irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aláboyún wo ọkàn rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹran ara ọkàn náà ti nípọn jù. Irú àrùn yìí ló wà lára Marc-Vivien Foé, ọmọ Kamẹrúùnù tó ṣubú lórí pápá ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, ní oṣù kẹfà ọdún 2003. Ó máa ń tẹ̀lé ìdílé: bí òbí kan bá ní i, ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó lè gbà á, ó sì lè má gbà á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yẹ bàbá àti àwọn àbúrò ọmọ náà wò. Bàbá bínú, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ní kí ọmọ má sáré ìje mọ́, ó sunkún gan-an. Aago ló ń bá olùkọ́ eré ìdárayá mú báyìí.

Ọkàn èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ yòókù dára, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ọkàn ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá máa ń tóbi díẹ̀, ECG àwa adúláwọ̀ sì lè dẹ́rù ba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, nítorí náà dókítà ọkàn ni kó kà á. Bẹ́ẹ̀ ni pépà tó dára kò ní kẹ́ ẹ má ṣọ́ ọmọ mọ́. Bí ó bá dákú lẹ́nu eré, tí àyà ń dùn ún tó bá ń sáré, tàbí tí kò lè mí bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì fi àgbo fa ọjọ́ gùn. Kó dá eré dúró ná, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Bó bá ṣubú tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ẹ má da omi sí i lójú, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí ẹnì kan pe ìrànlọ́wọ́. Kí ẹlòmíràn kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ kan lé èkejì láàárín àyà rẹ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, bí ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó má dáwọ́ dúró. Ìṣẹ́jú 78 ni ọkàn Fabrice Muamba fi dákẹ́ ní England ní oṣù kẹta ọdún 2012. Wọn kò yéé tẹ àyà rẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ta ọkàn rẹ̀ jí, ó sì yè é. Irú ẹ̀rọ yẹn ni ẹgbẹ́ náà ń dáwó rà báyìí.

Ilé-ẹ̀kọ́ kejì ni a ó lọ lẹ́yìn ìsinmi. Bí fómù bá dé ilé yín, ẹ fi han màmá àgbà kí ẹ tó buwọ́ lù ú.