Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà: bí ọlọ́kadà ṣe lè fọwọ́ ara ẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀ kó tó gé mọ́ ọn lójú ọ̀nà

Ọlọ́kadà tó bá gbé èrò kúrò l'Ọ̀wọ̀ nírọ̀lẹ́, tó ń lọ sí Ìdóàní tàbí abúlé kan lápá Ifọ̀n, tí wáyà kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ wá gé láàárín oko kòkó, àdánù ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Owó èrò ti lọ, àkókò tí ì bá fi gbé ẹlòmíì ti lọ, yóò sì tún wá owó fún ẹni tó máa bá a wọ́ ọ̀kadà délé. Bó bá wá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n gbé ọ̀kadà náà fún un pé kó máa san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ni ín kò ní í fẹ́ẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wáyà lọ́jọ́ tó bá wá gbowó. Bẹ́ẹ̀, wáyà yìí kì í sábà gé láìfi àmì hàn.

Ọ̀pọ̀ Boxer tí iléeṣẹ́ Bajaj ti ilẹ̀ Íńdíà ń ṣe, tó wà lára àwọn ọ̀kadà tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa, wáyà mẹ́rin pàtàkì ló wà lára ẹ̀: ti kílọ́ọ̀ṣì, ti tọ́rótù, ti búréèkì iwájú, àti èyí tó ń yí aago ìsáré. Jíà fúnra ẹ̀ kò ní wáyà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyẹn. Jíà á le, ọlọ́kadà á gbà pé ẹ́ńjìnnì ló ti bàjẹ́, wọ́n á tú u palẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé wáyà kílọ́ọ̀ṣì ló ti fà, tí kò lè já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ dáadáa mọ́.

Irú wáyà yìí kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dún 1896 ni Ernest Bowden, ọmọ ilẹ̀ Ireland, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀, kó tó di pé ó gbajúmọ̀ lára kẹ̀kẹ́. Okùn irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló wà nínú, irin tí wọ́n ká bíi súpíríǹgì ló bò ó, rọ́bà sì wà lókè ìyẹn. Orí òjé kékeré ló wà ní ìpẹ̀kun okùn náà, òun ló ń há sínú ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ìdí orí òjé yẹn ni okùn ti sábà máa ń já, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Eruku pupa ọ̀nà oko máa ń wọnú ẹ̀ lásìkò ọyẹ́, omi òjò á bá a níbẹ̀, ó di ìpẹtà.

Ẹni tó bá rí i pé ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ti le ju tàtẹ̀yìnwá lọ, tàbí pé ó ń lọ́ra kó tó padà síbi tó wà, kó tètè wo ìdí orí òjé náà. Bí okùn kan ṣoṣo bá ti yọ ṣóńṣó síta, kó má dúró de ọ̀la.

Owó pátì ti yàtọ̀ sí tàtijọ́. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù kan kúrò ní nǹkan bíi náírà 185, ó kọjá 480. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni CBN fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara ẹ̀ lọ́jà, pátì tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Nítorí náà ni ayédèrú ṣe rí ọjà. Kí ẹni tó fẹ́ẹ́ ra tuntun mú ògbólógbòó dání, kó nà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gígùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, orí òjé gbọ́dọ̀ rí bákan náà, okùn inú ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa yọ̀ wọlé-jáde láìha.

Sípánà méjì, píláyà kan, okùn tín-ín-rín àti ọ́ìlì díẹ̀ ti tó fún iṣẹ́ náà. Kí ọlọ́kadà kọ́kọ́ fi fóònù ya ọ̀nà tí ògbólógbòó gbà kọjá. Lẹ́yìn náà, kó dẹ nọ́ọ̀tì tó wà nídìí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, kó yí ìdè ẹ̀ wọlé títí wáyà á fi dẹ̀, kó sì mú kí ojú tí wọ́n là sára nọ́ọ̀tì, ìdè àti ọwọ́ náà wà lórí ìlà kan. Wáyà á jáde gba ibẹ̀. Kó wá yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò lára apá kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Kó tó fà á kúrò pátápátá, kó so okùn tín-ín-rín mọ́ ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀, kó máa fà á láti òkè. Okùn náà á dúró sójú ọ̀nà, òun ló máa fi fa tuntun wọlé. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe èyí, wáyà tuntun wọn á wá fara kan sálẹ́ńsà tó gbóná, tàbí kí táńkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Kó kán ọ́ìlì tó mọ́ sínú tuntun kó tó dè é. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹ́ńjìnnì kò dáa fún un, ìdọ̀tí irin kún inú ẹ̀.

Títò ẹ̀ ló gba sùúrù jù. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní ìdẹ̀ra mìlímítà 2 sí 3 nídìí ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan. Bó bá le jù, kílọ́ọ̀ṣì kò ní í di ara ẹ̀ mú tán, àwo inú ẹ̀ á máa jóná, iye tí wọ́n sì fi ń pààrọ̀ àwo ju ti wáyà lọ fíìfíì. Bó bá dẹ̀ jù, ọ̀kadà á máa fẹ́ẹ́ lọ nígbà tí wọ́n di ọwọ́ ẹ̀ mú. Kó tó gbé èrò kankan, kó yí ọwọ́ ọ̀kadà sọ́tùn-ún àti sósì dé òpin, kó rí i pé wáyà kò fà.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ti gé sínú igbó lè fi okùn búréèkì kẹ̀kẹ́ so ó délé, láìgbé èrò, kó rọra máa lọ. Wáyà búréèkì iwájú ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so bẹ́ẹ̀. Ìyẹn tí ó bá ti gé, tuntun ni kí wọ́n fi sí i kí ọ̀kadà náà tó tún jáde.