Abà Orí Yìnyín Lásìkò Ọyẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní Abẹ́òkúta, tí àdìrẹ sì ń gbẹ kíá lórí okùn ní Ìtòkú, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé ní Àǹtákítíkà, ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń fi ibùdó ńlá sílẹ̀ lọ pàgọ́ sí àárín yìnyín. Ọmọ Ẹ̀gbá tó nílé ní Ìtòkú, tó tún ní abà lóko, yóò tètè lóye rẹ̀: ibùdó ńlá ni ilé, àgọ́ ni ahéré. Àmọ́ bàálù ló ń já wọn sí oko tiwọn, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà wá.

Omi ni wàhálà àárọ̀. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún omi aláìníyọ̀ ayé wà ní Àǹtákítíkà, síbẹ̀ òùngbẹ ni yóò pa ẹni tí kò bá ní epo ìdáná, torí gbogbo rẹ̀ ti dì. Apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, tó jìnnà sí ibi ìgbọ̀nsẹ̀, ni wọ́n ti ń wa òjò dídì tó mọ́ sínú ìkòkò. Omi díẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nídìí ìkòkò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìkòkò á jóná, omi á sì máa rùn. Òjò dídì tó kún ìkòkò dẹ́nu, bó bá yọ́ tán, omi rẹ̀ kì í tó nǹkan. Ìyá aláró tó ti pọnmi kún ìkòkò aró rí kò ní rẹ́rìn-ín. Ihò afẹ́fẹ́ àgọ́ kò sì gbọdọ̀ dí bí sítóòfù bá ń jó. Èéfín tó ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé lọ́dọ̀ wa ló ń pani lọ́hùn-ún náà.

Àgọ́ ẹlẹ́nu ṣóṣóró tí ọ̀pá mẹ́rin gbé ró, irú èyí tí Scott, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lò níbẹ̀ ní ohun tó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn, wà lẹ́nu iṣẹ́ dòní. Ṣóńṣó àgọ́ ló máa ń móoru jù, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá ìbọ̀sẹ̀ sí. Oúnjẹ wọn kún fún ọ̀rá: bọ́tà, ṣokoléètì, bisikíìtì, ẹran gbígbẹ. Ìwẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá délé.

Oòrùn kì í wọ̀ lásìkò yìí, aago nìkan ló ń sọ pé alẹ́ ti lẹ́. Àwọn kan ń ya àwòrán abẹ́ yìnyín, àwọn kan ń gbẹ́ ẹ. Ní ibùdó WAIS Divide, àwọn ará Amẹ́ríkà gbẹ́ ẹ jìn tó mítà 3,405 nígbà tó fi máa di òpin ọdún 2011. Afẹ́fẹ́ tó há sínú yìnyín ìsàlẹ̀ pátápátá ti pẹ́ tó nǹkan bí ọdún 68,000. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi rédíò jíṣẹ́ fún ibùdó ńlá ní aago tí wọ́n jọ dá. Bí ìjì òjò dídì bá dé, inú àgọ́ ni wọ́n ń wà, nígbà mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n ń kàwé, tí wọ́n sì ń jáde wá fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì kúrò lára àgọ́.

Ilẹ̀ yìí kò wà láìlófin: orílẹ̀-èdè 12 ló fọwọ́ sí àdéhùn Àǹtákítíkà ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1959. Gúúsù Áfíríkà nìkan ló wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà kò tíì gbòmìnira nígbà náà. Àdéhùn mìíràn, ti Madrid ní 1991, ló lé àwọn ajá tó ń fa ẹrù kúrò níbẹ̀ kí oṣù Kẹrin 1994 tó dé. Kódà, adìẹ alààyè kò gbọdọ̀ débẹ̀, kó má baà kó àrùn ran àwọn ẹyẹ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn yóò ti wọ̀ ní Ìtòkú kí aago méje alẹ́ tó lù. Ní òpó gúúsù ayé, ó di oṣù Kẹta.