Bí Ọbabìnrin Ti Tu Nkrumah Nínú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ti gba àlejò ńlá rí mọ bí ọ̀ràn náà ti ń rí. A ti gbá àgbàlá, a ti kun ilé ní ọ̀dà, màlúù ti wà lórí ìso, àwọn onílù ti gba owó àsansílẹ̀, a sì ti fọ́nnu fún àwọn aládùúgbò. Lójijì ni ìránṣẹ́ dé pé àlejò kò lè wá mọ́, ó di ìgbà mìíràn. A lè dá màlúù padà fún ẹni tí ó ni ín. Ti àwọn aládùúgbò ńkọ́?

Irú rẹ̀ ni ó dé bá Dókítà Kwame Nkrumah, olórí ìjọba Gánà, ní ọdún 1959. Ọ̀nà tí wọ́n sì gbà tù ú nínú wà lára ìtàn tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957 ni Góòlù Kóòsì gba òmìnira tí ó sì di Gánà. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè náà nígbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀. Duchess of Kent ni ó rán lọ síbi ayẹyẹ òmìnira. Àwa ní Nàìjíríà ti rí i sójú ní ọdún 1956, ó lò tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni àwa kò tíì gba òmìnira rárá. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ pé yóò wá sí Gánà ní ìparí ọdún 1959, inú Nkrumah dùn púpọ̀.

Àárín ọdún náà ni Ọbabìnrin mọ̀ pé òun ti lóyún. Ó wà lẹ́nu ìrìn-àjò ní Kánádà, ìlú kò sì gbọ́. Ìrìn-àjò Gánà kò ṣeé ṣe mọ́.

Ẹ wo ibi tí ọ̀ràn le sí. Ní ọdún 1958, ìjọba Nkrumah ti ṣe òfin tí ó fi lè ti ènìyàn mọ́lé fún ọdún márùn-ún láìṣe ẹjọ́, àwọn ìwé ìròhìn London sì ń bú u nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá kàn kéde pé Ọbabìnrin kò wá mọ́, ayé yóò sọ pé òfin yẹn ni ó fà á, àwọn ọ̀tá Nkrumah nílé yóò sì jó. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè tíì sọ ìdí òtítọ́. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé a kì í polongo oyún tí kò tíì yọ.

Wọn kò fi ọ̀ràn náà mọ sórí ìwé. Martin Charteris, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé Ọbabìnrin, ni wọ́n rán lọ sí Accra láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Nkrumah pé Ọbabìnrin ń retí ọmọ, àṣírí sì ni. Ìtàn sọ pé ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní bí wọ́n bá sọ fún òun pé ìyá òun kú, kò lè dun òun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ sì wà láàyè nígbà náà o.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ni wọ́n tó kéde oyún náà fún gbogbo ayé. Ní oṣù kan náà ni wọ́n pe Nkrumah wá sí Balmoral ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ilé tí Ọbabìnrin pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti máa ń sinmi. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi í ṣe ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn Ọba. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, Philip, ọkọ Ọbabìnrin, lọ kí Gánà. Ọmọ tí wọ́n ń retí, Andrew, dé ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1960.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní gbogbo èyí ti pọ̀ jù, lẹ́tà dáradára kan ì bá ti tó. N kò gbà. Lójú tèmi, àṣírí yẹn gan-an ni ó tu Nkrumah nínú. Ènìyàn mélòó ni ó mọ̀ ọ́n ní London lọ́jọ́ náà? Ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ oyún hàn ṣáájú ìlú, ará ilé ni. N kò sì sọ pé ìfẹ́ lásán ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rù kí Gánà má kúrò nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, kí ó má lọ bá Rọ́ṣíà rẹ́.

Ìlérí àbẹ̀wò ṣì wà nílẹ̀. Ní ọdún 1961 tí àkókò tó, Gánà ti di ilẹ̀ olómìnira tí ó ní Ààrẹ tirẹ̀, nǹkan sì ti gbóná. Àwọn òṣìṣẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní Sekondi àti Takoradi, Nkrumah ti kó ọ̀pọ̀ alátakò sí ẹ̀wọ̀n, bọ́m̀bù sì bú ní Accra nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Ọbabìnrin dé. Àwọn aṣòfin kan ní London ń pariwo pé kí ó má lọ. Duncan Sandys, mínísítà ọ̀ràn Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, lọ sí Accra, òun àti Nkrumah sì jọ wọ mọ́tò gba ọ̀nà tí Ọbabìnrin yóò gbà. Wọ́n ní Ọbabìnrin tìkara rẹ̀ sọ pé ojú yóò ti òun bí ẹ̀rù bá ba òun láti lọ, tí Khrushchev wá lọ, tí wọ́n sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ó lọ. Ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ni ó gúnlẹ̀, ó sì bá Nkrumah jó háíláìfù níbi àsè ìdágbére. Àwòrán ijó náà káàkiri ayé. Bí ìdílé àwọn tí ó wà lẹ́wọ̀n ti rí àwòrán yẹn sí, ìwé ìròhìn London kò bi wọ́n léèrè tó.

Macmillan, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá sọ fún Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà pé òun ti fi Ọbabìnrin òun wewu, kí òun náà fi owó rẹ̀ wewu. Ní oṣù kejìlá, Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò yá Gánà lówó láti sé odò Volta ní Akosombo fún iná mànàmáná. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966 ni Nkrumah ṣí ìsédò náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ọbabìnrin tún padà sí Gánà ní ọdún 1999, Nkrumah ti kú láti ọdún 1972, ṣùgbọ́n iná Akosombo ṣì ń tàn.