Ẹgbẹ́ Tí Wọ́n Ń Hó Fún Kò Tíì Ní Agbábọ́ọ̀lù

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2024, èrò pé bíbí sí Rupp Arena, gbọ̀ngàn básíkẹ́ẹ̀tì Fásitì Kentucky nílùú Lexington. Wọ́n tó 20,000, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdíje kankan lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀sì kan ló wọ orí pápá, àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ Amẹ́ríkà fún Kentucky lọ́dún 1996 bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀, Mark Pope sì gbé ife náà dání láàárín wọn. Pope jẹ́ ọ̀kan lára balógun ikọ̀ ọdún náà, òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní kóòṣì. Ariwo sọ, àfi bíi pé òrùlé fẹ́ ṣí. Àmọ́ ká sọ òótọ́, kóòṣì nìkan ni wọ́n ní tí wọ́n ń yọ̀ sí. Nígbà tí sáà tuntun fi máa bẹ̀rẹ̀, kò ku ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù onísikọ́láṣíìpù tí wọ́n lò ní sáà tó kọjá.

Kò tó oṣù kan tí gbogbo rẹ̀ fi dojú rú. Ní oṣù Kẹta, Oakland, fásitì kan láti ìpínlẹ̀ Michigan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, na Kentucky ní 80 sí 76 ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje orílẹ̀-èdè. Ọmọkùnrin kan, Jack Gohlke, dúró sókèèrè, ó ju bọ́ọ̀lù olójú mẹ́ta wọlé nígbà mẹ́wàá. John Calipari, tó ti ṣe kóòṣì Kentucky fún sáà 15, kó ẹrù rẹ̀, ó gba Arkansas lọ. Àwọn ọmọ kan tẹ̀lé e, àwọn kan gba NBA lọ, àwọn tó kù wá ibi tó tù wọ́n lára.

Láyé àtijọ́, irú èyí ò lè ṣẹlẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó bá kúrò ní fásitì kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ jókòó fún odindi ọdún kan kó tó lè wọ pápá, ìyẹn sì ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá fásitì, gbé transfer portal kalẹ̀. Ìwé orúkọ orí kọ̀ǹpútà lásán ni: ọmọ tó bá fẹ́ lọ á fi orúkọ sílẹ̀, kóòṣì yòówù tó bá wù sì lè pè é. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè ṣí lọ lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní West Virginia ní kí wọ́n dá òfin ìjókòó náà dúró fún àwọn tó ń ṣí lọ lẹ́ẹ̀kejì náà, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin tó tẹ̀ lé e, NCAA fúnra rẹ̀ juwọ́ sílẹ̀. Bí ọmọ bá ṣáà ti ń yege nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó lè pààrọ̀ fásitì lọ́dọọdún. Lẹ́yìn sáà ọdún 2025, ó lé ní 2,000 ọkùnrin láti ìpele gíga jù lọ tó fi orúkọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fásitì tó wà ní ìpele náà ò ju nǹkan bíi 360 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ẹni tó ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù England lè bi mí pé kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀, ṣebí Chelsea náà ń kó agbábọ́ọ̀lù wọlé bí ẹni ń kó iṣu? Bí Chelsea bá fẹ́ ọmọ kan ní Brighton, Brighton á gbowó gọbọi, torí ọmọ náà ní àdéhùn ọdún púpọ̀. Ní ti fásitì Amẹ́ríkà, kò sí òfin tó ní kí ilé ẹ̀kọ́ ńlá san owó ìràpadà fún kékeré tó tọ́ ọmọ náà. Drexel á fi ọdún mẹ́rin kọ́ Amari Williams, ọmọ ìlú Nottingham, á di ẹni tó mọ eré dá dúró jù nínú líìgì wọn nígbà mẹ́ta, Kentucky á wá sọ pé ó ṣeun, ó dàárọ̀. Ọwọ́ òfo ni Drexel máa fi dúró. Ọ̀rọ̀ àwọn fásitì kéékèèké yìí ni mo rò pé ó yẹ kó máa dun èèyàn jù, àwọn gan-an ni kì í sì í sí nínú àríyànjiyàn.

Owó ló jẹ́ kí ẹnu olólùfẹ́ gùn tó bó ṣe gùn báyìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá NCAA lẹ́bi, adájọ́ mẹ́sàn-án sí òdo, lórí bó ṣe ń ká àǹfààní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré lọ́wọ́ kò. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá sígbà náà tí NCAA fi gbà kí wọ́n máa fi orúkọ àti àwòrán ara wọn gba owó, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí NIL. Fásitì ò tíì lè sanwó tààrà, ni àwọn olówó tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ bá ń dáwó jọ. Àwọn gbáàtúù náà ń dá tiwọn, díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó bá ti dáwó sí nǹkan, ẹ mọ̀ pé kò tún ní dákẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni adájọ́ Claudia Wilken wá fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ House, èyí tó jẹ́ kí fásitì kọ̀ọ̀kan lè san tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

Gbogbo eré ìdárayá ni wọ́n jọ máa pín owó yẹn o. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń wọ akoto gbá, ló sì máa ń jẹ apá tó pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni ìbínú àwọn ará Kentucky ti ń bẹ̀rẹ̀: básíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń yangàn, kí ló dé tí ìdá tó pọ̀ jù á fi lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alákoto tí kì í gba ife? Ẹ wá wo St. John's ní New York, tí kò ní ẹgbẹ́ alákoto rárá. Rick Pitino, kóòṣì wọn, ò ní ẹni tí wọ́n jọ ń du owó.

Àwọn kan tún wà tí owó yìí ń kọjá níwájú wọn bí omi odò. Àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ará Áfíríkà mìíràn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fásitì, físà akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀, físà náà ò sì gbà kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ owó bó ṣe wù wọ́n lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oscar Tshiebwe láti Congo ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù fásitì tó dára jù lọ́dún 2022. Nígbà tí Kentucky lọ ṣe ìdíje ní Bahamas lóṣù Kẹjọ ọdún náà, ibẹ̀ ló ti sáré ya àwòrán ìpolówó, torí pé níbẹ̀, kò sí lórí ilẹ̀ tí físà ti de é.

Kí wá ni àwọn èèyàn ń jà sí gan-an láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kọkànlá tí bọ́ọ̀lù á tún bẹ̀rẹ̀? Bí ẹ bá jókòó tì wọ́n, ẹ ó gbọ́ pé: ṣé ọmọ ọdún 18 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni ká dúró dè, àbí ká mú ọkùnrin ọdún 23 tó ti gbóná? Ẹni tó ń ju ogún wọlé nínú líìgì kékeré, ṣé ó lè ju mẹ́wàá ní SEC, líìgì ńlá tí Kentucky wà? Ta ló máa gbé bọ́ọ̀lù síwájú, ta ló máa dúró lábẹ́ apẹ̀rẹ̀? Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ìbéèrè kan ni: ṣé ẹni tó dúró ló ń mú ife wá, àbí ẹni tó wọlé dé?

Ẹ̀rí wà fún tọ̀tún tòsì. Louisville, ọ̀tá àtayébáyé Kentucky, gbá 32 ní sáà 2023-24, ó pàdánù 24. Kóòṣì Pat Kelsey dé, ó gbá ilé mọ́ pátá, ó kó ọmọ tuntun wọlé, wọ́n sì borí nígbà 27 ní sáà tó tẹ̀ lé e. Matt Painter, kóòṣì Purdue, ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó fi sùúrù tọ́ Zach Edey, ó fara da ẹ̀tẹ́ ọdún 2023 tí Fairleigh Dickinson kékeré na wọ́n, ó sì dé àṣekágbá lọ́dún 2024. Nígbà tí Braden Smith àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbà láti dúró fún ọdún kẹrin, Purdue ni àwọn oníròyìn AP fi ṣe ìkíní kí sáà 2025-26 tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ò fara mọ́ ìhà méjèèjì tán. Florida ni mo máa ń tọ́ka sí. Kí sáà 2024-25 tó bẹ̀rẹ̀, ipò 21 ni AP fi wọ́n sí. Ibòmíràn ni wọ́n ti mú àwọn mẹ́ta tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún wọn: Walter Clayton láti Iona, Will Richard láti Belmont, Alijah Martin láti Florida Atlantic. Ẹni tó bá wo ìwé nìkan á ní wọ́n rà wọ́n ni. Ṣùgbọ́n Richard ti wà níbẹ̀ láti 2022, Clayton láti 2023. Àwọn tó wọlé dé ti di ọmọ ilé.

Ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2025 ní San Antonio, nínú àṣekágbá ìdíje orílẹ̀-èdè, Houston ti fi àmì 12 ṣíwájú wọn lẹ́yìn ìsinmi. Clayton ò ju ẹyọ kan wọlé ní ìdajì àkọ́kọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni Florida lé wọn bá, títí wọ́n fi ṣíwájú ní 65 sí 63. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù nígbà tí Emanuel Sharp ti Houston fò sókè láti ju olójú mẹ́ta. Clayton ti dé iwájú rẹ̀. Sharp rí i pé ọ̀nà ti dí, ó sì ti wà lókè. Bó bá balẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó jù ú sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń ta lórí pákó, kò lè fọwọ́ kàn án kí ẹlòmíràn tó kàn án, Alex Condon sì da ara bò ó. Àkókò parí. Rueben Chinyelu, ọmọ Enugwu-Agidi ní ìpínlẹ̀ Anambra tó ti Washington State wá, wà lára àwọn tó gba ife alẹ́ ọjọ́ náà. Òun, Condon àti Thomas Haugh sì padà wá fún sáà tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kentucky, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìrètí ti hàn jù. Àwọn ọmọ tí Pope ṣà jọ lọ́dún àkọ́kọ́ na Duke ní 77 sí 72, wọ́n na Tennessee lẹ́ẹ̀mejì, kí Tennessee náà tó wá yọ wọ́n ní ìpele ẹgbẹ́ 16. Ìgbà 24 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 12. Fún ẹgbẹ́ tó ní ife mẹ́jọ nílé, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lu ìlù sí, síbẹ̀ olólùfẹ́ rẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tó retí ohunkóhun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2025, ìròyìn wá gbòde pé ikọ̀ tuntun náà ná wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 22 dọ́là. Láti ọjọ́ náà, iye yẹn di ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn gbogbo nǹkan. Nígbà tí Gonzaga na wọ́n ní 94 sí 59 ní Nashville lóṣù Kejìlá, àwọn èèyàn wọn gan-an ló ń hó lé wọn lórí nínú gbọ̀ngàn. Kóòṣì tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì gbé wọlé náà ni o, kò tíì pé ogún oṣù.

Mi ò dá wọn lẹ́bi jù. Ẹni tó bá gbọ́ iye ọjà kó tó rí ọjà, iye náà ló máa fi wò ó. Èyí tí mi ò lè gbà ni ti àwọn tó ń pe ọmọ ọdún ogún ní ọ̀dàlẹ̀ torí pé ó lọ. Calipari lọ, kò sẹ́ni tó ní kó jókòó fún ọdún kan.

Ìdúró náà kì í fìgbà gbogbo so èso. Ayọ̀ Dósùnmú, ọmọ Chicago, pinnu lọ́dún 2020 pé òun ò tíì lọ sí NBA, ó padà sí Illinois fún ọdún kẹta. Ìrètí wọn ga dé òfuurufú. Wọ́n gba ife ìdíje ìparí sáà ti líìgì Big Ten, wọ́n wọ ìdíje orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́, Loyola Chicago sì yọ wọ́n ní ìpele kejì, 71 sí 58. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó hó lé Ayọ̀ lórí. Illinois fi nọ́ńbà rẹ̀ kọ́ sókè gbọ̀ngàn wọn.

Mo sì máa ń ro ti Hakeem Olajuwon. Nígbà tó ti Èkó dé Houston lọ́dún 1980, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ló mọ̀ jù, ó sì jókòó ní odindi sáà àkọ́kọ́ lábẹ́ kóòṣì Guy Lewis. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àmì mẹ́jọ àti díẹ̀ ló ń gbá nínú ìdíje kan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bá Moses Malone, ìràwọ̀ NBA, ta kàǹgbọ̀n ní gbọ̀ngàn Fonde, ibẹ̀ ló ti lágbára. Houston dé àṣekágbá lọ́dún 1983 àti 1984, wọ́n pàdánù méjèèjì, kó tó di ẹni àkọ́kọ́ tí NBA mú lọ́dún 1984. Kóòṣì ìsinsìnyí wo ló máa dúró de irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Bó bá sì dúró, ta ló ní kí fásitì mìíràn má fowó fa ọmọ náà ní ọdún kejì?

NCAA ti gé àkókò portal kù láti 30 ọjọ́ sí 15, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2026, ọjọ́ kejì àṣekágbá ló sì máa ṣí. Wọ́n ní ó máa dín wàhálà kù. Ọjọ́ 15 náà ni àwọn méjì tó gbá àṣekágbá máa fi mọ ẹni tó ń lọ, ẹni tó ń bọ̀, àti iye tí wọ́n ń béèrè.